Aago Tó Ń Ka Àkókò Ilé

Ẹ̀gbọ́n mi Dáísí ti gbé e dé Adó.
Agbẹ́dẹ wúrà kan sọ ọ́ sórí òṣùwọ̀n,
ó dárúkọ iye tí òun yóò fi yọ́ ọ.
Mo já a gbà. Mo wọkọ̀ padà sí Ìkẹ́rẹ́,
aago nínú ìbọ̀sẹ̀,
ìbọ̀sẹ̀ nínú báàgì tí ìwé ìrìnnà mi wà,
bí ẹni ń gbé ẹyin.

Ṣọ́ọ̀bù Bàbá Fátúnlà kò ju àpótí méjì lọ,
lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń lọ ata ní Odò Ọjà.
Nígbàkúùgbà tí ẹ̀rọ ata bá ké,
a gbé ọwọ́ kúrò lórí iṣẹ́,
a dúró kí ilẹ̀ ó ṣíwọ́ gbígbọ̀n.

Ó fi awò kékeré há ojú ọ̀tún.
Ó fi èékánná ṣí ìdérí ẹ̀yìn,
ó ṣí èkejì tó wà lábẹ́ rẹ̀,
ó dákẹ́ pẹ́.
"Wúrà lẹ̀gbọ́n rẹ rí," ó ní.
"Ẹ̀wù ni wúrà. Ta ní ń bi ẹ̀wù léèrè ọ̀rọ̀
nígbà tí ẹni tó wọ̀ ọ́ ṣì jókòó?"

Ó yá mi ní awò.
Mo rí kẹ̀kẹ́ tí eyín rẹ̀ kéré sí ti ọmọ ẹja,
òkúta pupa bí ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀fọn,
àti ẹ̀wọ̀n kan, áà, ẹ̀wọ̀n,
tó tínrín bí irun imú ológbò,
síbẹ̀ tó ní oríkèé bíi ti ẹ̀wọ̀n básíkù,
ẹgbẹ̀ta oríkèé.
"Àwọn ọmọdébìnrin ló ń ṣe èyí nílẹ̀ wọn láyé ọjọ́un,
lẹ́bàá fèrèsé, nínú òtútù.
Kí wọ́n tó pé ọgbọ̀n ọdún, ojú ti lọ.
Uṣẹ́ ọwọ́ kọ́ rè é, ọmọ mi. Uṣẹ́ ojú ni."

Nínú ìdérí, ìlà wínníwínní wà
bí ẹni fi abẹ́rẹ́ ha á:
orúkọ àwọn tó ti tún un ṣe rí,
olúkúlùkù pẹ̀lú ọdún tirẹ̀,
àwọn tí kò mọ ara wọn
tí wọ́n ń kí ara wọn nínú òkùnkùn.

Kúùkù inú ọkọ̀ ojú omi ni bàbá bàbá mi,
ọmọ abẹ́ Olósùnta, tí odò rẹ̀ kò ju orúnkún lọ.
Ọ̀gá ọkọ̀ jẹ ẹ́ lówó oṣù mẹ́rìndínlógún,
aago yìí ló fi san án.
Wọ́n ní irú rẹ̀ kì í sọ àkókò ibi tí ènìyàn wà.
Àkókò èbúté tí a ti ṣí ló ń sọ,
kí atukọ̀ fi wé oòrùn tó wà lórí rẹ̀,
kó mọ bí òun ti jìnnà tó.
Bàbá àgbà gbọ́ èyí,
ó yí ọwọ́ aago sí ti Ìkẹ́rẹ́.
Ó fi wákàtí kan ṣi ìṣirò,
kò sì sẹ́ni tó sọ fún un.
Láàárín agbami, bó bá ń bó ànàmọ́ lọ́wọ́,
yóò yọ ọ́ wò, yóò ní:
ní báyìí, ìyá mi ń bu omi sí ìkòkò.

Oríkèé kan ṣoṣo ló já.
Bàbá Fátúnlà gé sípíríǹgì giramafóònù ògbólógbòó,
ó ń rẹ́ ẹ, ó ń fẹ́ ẹ, ó ń rẹ́ ẹ.
Ẹ̀ẹ̀mejìdínlógún ló ṣe é tó já bọ́
tí a ò rí i nílẹ̀ mọ́.
Ìkọkàndínlógún ló wọlé.
Ó ha orúkọ rẹ̀ sábẹ́ àwọn yòókù,
ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí èmi ò lè kà á.

Aago náà mí.
Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú pẹ̀lú ìka méjì.
"Ọjọ́ Ẹtì lo máa wọ bàálù.
Àkókò ibo ni kí n yí i sí?"

Mo la ẹnu.
Ẹ̀rọ ata ké.
A dúró, àwa méjèèjì,
kí ilẹ̀ ó dákẹ́.